Àtẹ̀jáde Ìpàdé Kúta Lórí Ilẹ̀ Àkúrò àti Ìkìlọ̀ Omíyalé

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ọlọ́kadà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Kúta, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pàdé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ìròyìn nípa omíyalé tí kì í dé etí ẹni tí omi máa ń ya ilé rẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí.

A pe ìpàdé náà bí òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe là á sílẹ̀. Ìwé ìpè tètè jáde, iye ọmọ ẹgbẹ́ tí òfin béèrè sì pé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé ní abúlé rán aṣojú wá, àwọn kan wá láti ọ̀nà Ìwó àti Ilé-Ogbó, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí onílé ṣe sọ. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó jáde kí ìpinnu tó wáyé. Kò sí ẹni tó nàwọ́ láti tako ọ̀kankan nínú àwọn ìpinnu náà. A kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé àwọn díẹ̀ tí inú ń bí ló gbé ìwé jáde, tàbí pé olóṣèlú kan ló wà lẹ́yìn wa.

A kò pàdé láti wádìí bóyá a kì í gbọ́ ìkìlọ̀. A mọ̀ pé a kì í gbọ́ ọ. Ohun tí a bá ara wa sọ ni bí yóò ṣe dópin.

Ìpàdé kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀: ìmọ̀ nípa omíyalé kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn omi inú odò, tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2010, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún láti ọdún 2013. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Àsọtẹ́lẹ̀ ọdún 2025 lọ jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí kò dúró lórí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ó ka àdúgbò 1,249 ní ìjọba ìbílẹ̀ 176, ní ìpínlẹ̀ 33 àti Àbújá, mọ́ ibi tí ewu rẹ̀ ga. Owó ará ìlú ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì dára.

Àmọ́ Àbújá ni wọ́n ti ń fi í lọ́lẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ìwé ìròyìn á gbé e ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìwé inú fáìlì. Ìyá tó ń ta ata nítòsí gọ́tà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sọ tẹ́lẹ̀ nípa gọ́tà náà. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́ sí ìpadò kò mọ̀ pé òjò oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí. Ọ̀nà já láàrin Àbújá àti ẹnu ọ̀nà wa, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì yẹ kó wà ní ojú ibi tó já yẹn.

A kò fi ọwọ́ ara wa gbé ẹrù yìí lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Òfin ló gbé e lé e. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti ìkólẹ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì tí yóò máa fún ènìyàn ní àṣẹ ìkọ́lé. Ẹni tí gọ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìwé àṣẹ ìkọ́lé sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, òun ló yẹ kó sọ fún wa ibi tí omi ń gbà àti ibi tí omi yóò dé.

Nítorí náà, ìpàdé yìí bẹnu àtẹ́ lu àṣà kí ìkìlọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là máa jókòó sínú ọ́fíìsì títí omi yóò fi dé, kí aláṣẹ sì wá gbé bọ́ọ̀tì wọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Ibikíbi tí àṣà yìí bá wà ní ìpínlẹ̀ wa, a bẹnu àtẹ́ lù ú.

Ó yẹ kí a sọ nípa odò tí à ń gbé lẹ́bàá rẹ̀, nítorí àwọn kan tó ń ṣe ètò fún wa kò mọ bí omi ṣe ń rìn ní ìhà ibí. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Òṣogbo, ó gba ìhà Ẹdẹ, Ẹ̀rìnlẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn kí ó tó máa ṣàn lọ sí ìdídò Aṣéjìre, tó ń fún Ìbàdàn ní omi láti ọdún 1972. Òjò tó máa ba oko àkúrò jẹ́ ní agbègbè wa lè má kán sórí ilé ẹnikẹ́ni ní Kúta. Òṣogbo lè gba òjò ní òru, kí ojú ọ̀run tiwa mọ́ roro, kí omi sì dé bá wa lẹ́yìn náà. Àwọn ìṣàn kéékèèké tó wọ inú odò ńlá náà ń padà sẹ́yìn nígbà tí odò ńlá bá ti kún, wọn a sì tàn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń wo òfúrufú nìkan kò lè mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un láti òkè odò.

Ọ́fíìsì tó ní ìròyìn odò kan ṣoṣo yìí ju ọ̀kan lọ. Àjọ tó ń bójú tó agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, wà ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ àwọn elétò omi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Aṣéjìre wà. Ọwọ́ àwọn elétò omi ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìdídò Ẹ̀rìnlẹ̀ nítòsí Ẹdẹ wà. Ẹni tó ń gbé etí odò kò lè máa wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mẹ́ta kó tó mọ̀ bóyá kó ká àgbàdo rẹ̀ lónìí tàbí kó fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó kó ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, nítorí a rí i níbòmíràn. Ìdídò odò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wà lábẹ́ àjọ Abẹ́òkúta kan náà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú omi rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń kéde, ìjọba Èkó àti ti Ògùn a sì kìlọ̀ fún àwọn ará Ìṣerí àti Àjégúnlẹ̀ tó wà létí odò Ògùn. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń kó ẹrù. Omi ṣì ń ya ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ kúrò sì ní àyè láti kó o. Orúkọ Ọ̀ṣun náà wà lára orúkọ àjọ yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún etí odò Ògùn ni a ń béèrè fún etí odò Ọ̀ṣun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àkúrò gba àsìkò ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ ní ìpàdé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọba máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ etí odò jẹ́ ibi burúkú tó yẹ kí gbogbo ènìyàn sá fún. Àwọn àgbẹ̀ tako èyí, ìpàdé sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ilẹ̀ àkúrò ló ń bọ́ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá, tòmátì àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jáde. Omi tó bò ó ní oṣù Kẹsàn-án ló gbé ẹrẹ̀ dúdú tó mú un lọ́ràá wá. Bí wọ́n bá lé àgbẹ̀ kúrò lórí àkúrò nítorí omi, ebi ni wọ́n fi rọ́pò omi.

Ohun tí àgbẹ̀ ń béèrè yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń béèrè. Àgbẹ̀ ń béèrè ìgbà: ìgbà wo ni omi yóò wọlé, ìgbà wo ni yóò fà sẹ́yìn? Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń béèrè ibi: títí dé ibo ni omi ń dé? Àgbẹ̀ lè pàdánù ebè ẹ̀fọ́ lọ́dún yìí kó sì tún gbìn. Ẹni tó fi owó àjọ ogún ọdún kọ́ yàrá mẹ́rin sójú ọ̀nà omi kò ní òmíràn. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá kà lórí rédíò fún gbogbo ènìyàn, pé kí ará ìlú “máa ṣọ́ra”, kò dáhùn ìbéèrè ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń ta ilẹ̀ etí odò. Oṣù Kejì ni, ilẹ̀ ti le, eruku ń fẹ́, koríko ti gbẹ. Onílẹ̀ mú ẹni tó fẹ́ rà lọ síbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, iye rẹ̀ sì rọrùn ju ti òkè lọ. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ya sọ́fè, wọ́n gba owó, wọ́n gba ọtí. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, kò sí ìlà kan tó sọ pé omi ni onílẹ̀ gidi. Ẹni tó ti Èkó tàbí Ìbàdàn rán owó wálé kò tíì fi ojú rí ibẹ̀ nígbà òjò rí. Àwọn bíríkìlà wa jẹ́rìí sí i pé àwọn ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kí omi sì máa ru jáde nínú kòtò ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré.

Ìpàdé rántí Ìbàdàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹbí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, ó gbé afárá lọ, tí ti Àpẹ̀tẹ̀ wà lára wọn, ènìyàn tó lé ní 100 sì kú. Ó yẹ kí a kíyè sí ọjọ́ méjèèjì. Ìparí oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí gbogbo wa gbà pé òjò máa ń sinmi díẹ̀, tí à ń sá àgbàdo sí òòrùn. Ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ wa lórí òjò dára, a kò sì fi ń ṣeré, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún ni. Ọdún tó yàtọ̀ ló ń pa ènìyàn, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn òjò ló sì lè tètè mọ ọdún tó yàtọ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí kò dínkù. Omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363 káàkiri Nàìjíríà. Ti ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600, ó sì lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òjò òru kan ní Mọ́kwá, ìpínlẹ̀ Niger, pa ènìyàn tó lé ní 150. Òru ni. Ẹni tó ń sùn kò lè ka àsọtẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ìyà òtòṣì ni èyí. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, jẹ́ ìlú olówó. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba Amẹ́ríkà mọ ìdídò méjì síbẹ̀, Addicks àti Barker, láti dá omi dúró kó má baà ya àárín ìlú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn oníṣòwò ilé kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sórí ilẹ̀ tí omi ìdídò náà yóò bò tó bá kún. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, omi bò ó. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé inú adágún ni wọ́n ń gbé. Ní apá Fort Bend, ìkìlọ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀ àwọn àdúgbò kan, ní ìlà kékeré tí ẹni tó ń ra ilé kì í rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ dá ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́bi lórí omi tó dá sínú ilé wọn. A kò gbé èyí sílẹ̀ láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi hàn pé ìkìlọ̀ tó wà lórí ìwé, tí kò dé ọwọ́ ẹni tó kàn, kò yàtọ̀ sí àìkìlọ̀.

Àpẹẹrẹ rere náà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wa tó ń gbé níbẹ̀ lè tẹ àdírẹ́sì ilé kan sínú fóònù, kí wọ́n sì rí bóyá omi lè ya á, láìsan kọ́bọ̀, kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹnìkan bá sọ pé owó Ìlú Ọba ló ṣe ìyẹn, kó wo Bangladesh. Ìjì oṣù Kọkànlá ọdún 1970 pa ènìyàn tó tó 300,000 níbẹ̀. Láti ọdún 1972, wọ́n kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n fún wọn ní rédíò, àsíá àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbóhùn sókè, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti kéde. Ìjì ṣì ń jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹni tó ń kú kò súnmọ́ ti àtijọ́ mọ́. Agogo akéde àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò wọ́n ní Kúta.

Lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìpàdé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ni àga alága àti kánsílọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àwọn ọmọ wọn jókòó sílé fún ìdáàbòbò ara wọn, sẹkitéríàtì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó tó yẹ kó ti Àbújá wá sì dúró. Àwa kò gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, a kò sì dá sí ẹjọ́ tó wà níwájú adájọ́. A kò dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ ni àwa náà. Ohun tí à ń sọ ni pé òjò kò dúró de ìdájọ́. Ẹni yòówù kó jókòó lórí àga, ìkìlọ̀ omíyalé gbọ́dọ̀ máa jáde. Bí ọ́fíìsì bá wà ní títì, kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ yẹn nìkan láti ibikíbi tó bá wà, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lára ògiri ọjà.

Ìpàdé ń béèrè pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí omi ń dé hàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ tí a ń pe àdúgbò, ìṣàn àti afárá, kì í ṣe nọ́ńbà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

A ń béèrè pé kí àwọn tó ń ya àwòrán náà jókòó ti àwọn àgbàlagbà kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Ìyá àgbà tó ti ń pọn omi ní ìṣàn kan láti ìgbà èwe rẹ̀ lè fi ọwọ́ kan ibi tí omi dé lára ògiri. Kí wọ́n fi ọ̀dà kun ibẹ̀. Kí àmì ọ̀dà wà lára òpó afárá, lára ògiri ilé ìwé, lára igi ńlá tó wà ní ìpadò, kí ọdún tí omi dé ibẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a béèrè, èyí ló rọrùn jù, àwa sì rò pé òun ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á rí i fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí onílẹ̀ bá ń sọ pé omi kì í dé ibẹ̀.

A ń béèrè pé kí ó di òfin ìjọba ìbílẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé láìjẹ́ pé a ti kọ ọ́ sínú ìwé náà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ibi tí omi ń dé. Bí ó bá mọ̀, tó sì fẹ́ kọ́ ọ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ òun àti òfin. Ohun tí a kò gbà ni kó má mọ̀.

A ń béèrè pé kí àjọ agbada odò àti àwọn elétò omi ìpínlẹ̀ méjèèjì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà létí odò Ọ̀ṣun nígbà tí omi bá ń ga, àti kí wọ́n tó ṣí ìdídò èyíkéyìí. Kí OSBC, iléeṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, máa kà á ní Yorùbá ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ó sì dárúkọ ibi tó kàn.

Lórí ẹrẹ̀ inú odò, ọ̀rọ̀ wa kúrú. Gbogbo ayé ló rí i bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí epo láti ìgbà tí ìwakùsà wúrà ti gbilẹ̀ ní òkè odò. Ẹrẹ̀ tó ń pa àwọ̀ omi dà ń jókòó sí ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú, odò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga sì máa ń tètè kún. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ dá a dúró.

Ìpàdé kò fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹgbẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí ojú ìṣàn tàbí sórí gọ́tà, ẹnikẹ́ni yòówù kó gbé iṣẹ́ náà wá. Ọ̀rọ̀ yìí fa àríyànjiyàn, nítorí iṣẹ́ kò pọ̀, ebi sì ń pa bíríkìlà bí ó ṣe ń pa ẹlòmíràn. Ìbéèrè tó wá láti ẹ̀yìn ni pé, tí ẹgbẹ́ bá kọ̀, ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò ní gbà á? Ó lè gbà á. Ẹgbẹ́ sì pinnu síbẹ̀ pé orúkọ tiwọn kò ní sí nídìí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ọlọ́kadà gbà láti máa gbé ìròyìn. Àwọn ló ń lọ sí Ìwó àti Òṣogbo lójoojúmọ́, àwọn ló ń kọ́kọ́ rí i bí omi bá ti ga lábẹ́ afárá. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá rí i yóò pe akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé yóò sì pe ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti akéde ìlú. Àwọn ìyá ọlọ́jà pinnu pé ẹni tó bá da pàǹtí sínú gọ́tà ọjà yóò san owó ìtanràn. Wọ́n sì béèrè pé kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé ibi ìkólẹ̀ wá, kí ìtanràn má baà di ìyà lásán.

A bẹ Kábíyèsí, Olówu ti Òwu-Kúta, àti gbogbo olóyè àti baálé tó ní ilẹ̀ tà, kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹbí kọ̀ọ̀kan létí pé ẹni tó ta ojú omi fún ènìyàn láì sọ fún un ti tà á ní ìṣòro.

Ìpàdé yan ìgbìmọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ ní aṣojú nínú rẹ̀ láti gbé ìwé yìí lọ. Ìgbìmọ̀ náà yóò tún kọ ìwé béèrè àwòrán omíyalé àti àsọtẹ́lẹ̀ tó kan agbègbè wa, lábẹ́ òfin ọdún 2011 tó fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba. Òfin náà fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọjọ́ 7 bá pé tí èsì kò dé, ìgbìmọ̀ ní àṣẹ ìpàdé yìí láti gba agbẹjọ́rò. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ti gbà láti dá owó rẹ̀.

Ìpàdé yóò tún jókòó kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò sì jábọ̀ níbẹ̀, yálà èsì dé tàbí kò dé.

Ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó pé jọ ní Kúta, a fọwọ́ sí i:

Alága ìpàdé

Akọ̀wé ìpàdé

Aṣojú ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ọlọ́kadà, àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà